Iye Ènìyàn àti Àyọrísí Ogun: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Ogun Ilẹ̀ Yorùbá ní Ọgọ́rùn-ún Ọdún Kọkàndínlógún

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ ogun ni mo bá wá, ṣùgbọ́n n kò ní sọ púpọ̀ nípa akọni tàbí nípa oògùn. Iye ènìyàn ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò: ibi tí wọ́n ti pọ̀, ibi tí wọ́n ti dín kù, ibi tí wọ́n ṣí lọ, àti ohun tí èyí sọ ogun dà.

Bí a bá bi ènìyàn léèrè ìdí tí ìlú kan fi ṣẹ́gun òmíràn, ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni pé àwọn aṣẹ́gun pọ̀ jù, tàbí pé ìbọn wọn dára jù. Àwọn àgbà wa náà sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Irú èrò yìí ni ó da àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Faransé láàmú ṣáájú ogun 1914. Ní 1871, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 36 ni ó wà ní Faransé, ti Jámánì sì jẹ́ bíi mílíọ̀nù 41. Nígbà tí yóò fi di 1911, Faransé kò tíì pé mílíọ̀nù 40, bẹ́ẹ̀ ni Jámánì ti súnmọ́ mílíọ̀nù 65. Síbẹ̀, nígbà tí ogun náà parí ní 1918, Faransé wà lára àwọn tí ó ṣẹ́gun, nítorí pé àwọn ilẹ̀ mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Iye orí tí a kà nínú ilé kò tó láti sọ bí ogun yóò ti parí. A ní láti béèrè ẹni tí ó wà lẹ́yìn ẹni, àti ohun tí ó mú un dúró níbẹ̀.

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé ka iwájú àwọn ogun tí ó jà ní ilẹ̀ Yorùbá láti nǹkan bí 1817 títí di 1893. Èrò mi ni pé ìṣípòpadà àwọn ènìyàn ni ó darí àwọn ogun náà ju ohunkóhun mìíràn lọ, àti pé ìlú tí ó bá fi ipá kó ènìyàn jọ lè di ńlá lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ní pẹ́ ju ìgbà tí àwọn tí ó kó jọ bá rí ọ̀nà ilé.

Orísun ìmọ̀ wa

Kò sí ìkànìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Ohun tí a ní ni ìṣirò ojú àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn míṣọ́nárì. Nínú ìwé tí T. J. Bowen, míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1857, ó fi iye ènìyàn Ìbàdàn sí 70,000, ti Abẹ́òkúta sí 60,000, ti Ìjàyè sí 35,000. Ní nǹkan bí 1890, Alvan Millson, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, sọ pé àwọn tí ó wà nínú odi Ìbàdàn kò dín ní 120,000, àti pé bí a bá ka àwọn abúlé oko mọ́ wọn, wọ́n lé ní 200,000. Kò sí ẹni tí ó ka ojúlé kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, nítorí náà kò yẹ kí á fi ọkàn tán iye wọ̀nyí pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n jọ tọ́ka sí hàn gbangba: Ìbàdàn, tí kò jẹ́ nǹkan kan ní 1820, ti di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú láàárín ọgbọ̀n ọdún.

Orísun kejì ni ìwé Polyglotta Africana tí Sigismund Koelle tẹ̀ jáde ní 1854. Ní Freetown ni ó ti kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ, láti ẹnu àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú àti àwọn mìíràn tí ogun gbé débẹ̀. A rí ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó àti Yàgbà níbẹ̀. Ẹ wo bí ogun ti tú ènìyàn ká tó, tí ọkùnrin kan fi lè jókòó sí ìlú kan ní Sàró kí ó sì gbọ́ gbogbo èdè wọ̀nyí láìfi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Yorùbá. Orísun kẹta ni ìwé ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó bá àwọn ará Kírìjì ṣe làálàá àlàáfíà.

Orísun kẹrin wà ní agbo ilé ọ̀kọ̀ọ̀kan wa. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, oríkì Ìjẹ̀ṣà ni àwọn ìyá ilé wa fi ń ki ìyá tí ó bí bàbá bàbá mi. Bí a bá béèrè bí ó ṣe dé Ìbàdàn, àwọn ọkùnrin ilé a sọ pé òwò ni ó bá wá, pé níbẹ̀ ni ó ti rí ọkọ fẹ́. Ìgbà tí mo di akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni mo tó jókòó ṣírò ọdún. Ìṣirò náà gbé mi dé ẹ̀yìn 1870 gẹ́lẹ́, ọdún tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn wọ Iléṣà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tí mo ń bá yín sọ yìí ti wà lọ́kàn mi.

Àwọn tí ó sá kúrò ní Ọ̀yọ́

Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́ àtijọ́. Láti òkè ọ̀hún ni wọ́n ti ń rà á, àwọn ẹrú tí ó jẹ́ Haúsá ni ó sì mọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn náà ni darandaran, àwọn ni onífárí, àwọn ni ó ń fi okùn ṣe iṣẹ́. Kò sí ilé ìjòyè pàtàkì kan ní Ọ̀yọ́ tí kò ní wọn.

Ní nǹkan bí 1817, Àfọ̀njá, Àrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, tí ó fi Ìlọrin ṣe ibùjókòó, kẹ̀yìn sí Aláàfin. Ó pe Àlímì, àlùfáà mùsùlùmí, láti ràn án lọ́wọ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ìlú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹrú yòówù tí ó bá sá wá. Wọ́n sá wá lóòótọ́. Láti gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni àwọn ẹrú Haúsá ti ń fi ilé olówó wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń lọ di jàmáà ní Ìlọrin.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ọmọ ogun kan bá kú lójú ìjà, ẹyọ ẹni kan ni ó dín lára ẹgbẹ́ ogun rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹrú kan bá sá láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìlọrin, Ọ̀yọ́ fi ẹnìkan dín, Ìlọrin sì fi ẹnìkan lé. Ẹni náà mọ ọ̀nà, ó mọ ẹṣin, ó mọ ibi tí odi ìlú olówó rẹ̀ ti rọ̀. Ìdí nìyí tí Ọ̀yọ́ fi wó kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Àfọ̀njá pàápàá kò jẹ èrè rẹ̀ pẹ́. Àwọn tí ó kó jọ pọ̀ ju ohun tí agbára rẹ̀ ká lọ, wọ́n sì pa á ní nǹkan bí 1824. Ní nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́-Ilé ti dahoro. Ìlú tí Clapperton wọ̀ ní 1826, tí ó bá ọba àti ọjà níbẹ̀, di ibi tí àwọn ọdẹ ń ṣọdẹ.

Ogunléndé ni ó kọ́ Ìbàdàn

Nígbà tí ilé wó, gúúsù ni àwọn ará Ọ̀yọ́ dojú kọ, sí ẹ̀bá igbó níbi tí ẹṣin kò ti lè sáré. Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹdẹ, Ìwó àti Òṣogbo kún lẹ́kùn-ún tuntun. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, Òwu ṣubú lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn ogunléndé Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn kan náà kọjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, tí wọ́n ń fọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn Ẹ̀gbá tí ó ṣẹ́kù tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ lọ sí abẹ́ òkúta ní 1830. Ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ẹ̀gbá tí ó ti dahoro, ní nǹkan bí 1829, àwọn ológun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ dúró, wọ́n sọ ọ́ di bùdó. Bùdó náà ni Ìbàdàn.

Irú ènìyàn wo ni ó kún inú bùdó yìí? Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ọ̀pọ̀ wọn. Oko bàbá wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, oyè ìdílé wọn kò níláárí mọ́ nítorí pé ìlú tí a ti ń jẹ ẹ́ kò sí mọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó kù tí wọ́n mọ̀. Ìdí abájọ nìyí tí Ìbàdàn kò fi jẹ́ kí oyè jẹ́ ti ìdílé kan, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá gbóyà tí ó sì ní ọmọ ẹ̀yìn ni ó ń gòkè. A máa ń sọ títí di òní pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ìtàn ni: àjèjì ni gbogbo àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó.

Ní nǹkan bí 1840, Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Ìbàdàn lọ gbà á sílẹ̀, ó sì lé Ìlọrin padà. Kí ni ó yí ọ̀rọ̀ padà láàárín ogún ọdún péré? Ìlọrin ṣì ní ẹṣin. Ṣùgbọ́n àwọn tí Ìlọrin ti lé kúrò nílé ti péjọ sí ibì kan nínú igbó, wọ́n ti pọ̀, wọ́n sì ti kọ́ ìjà mìíràn. Ìlọrin fúnra rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ọ̀tá rẹ̀ jọ.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn tí kò sá dé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Àwọn òpìtàn tí ó yẹ ìwé àwọn ọkọ̀ ẹrú wò ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá tí a kó kọjá òkun, láti ìbẹ̀rẹ̀ òwò náà títí di àárín àwọn ọdún 1860, súnmọ́ mílíọ̀nù kan. Àwọn ogun tí mo ń sọ yìí ni ó kó apá tí ó pọ̀ jù nínú wọn dé etíkun. Bahia ní Brazil àti Cuba ni ọ̀pọ̀ wọn dé. Wọ́n pọ̀ ní Bahia tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó dìde sí àwọn olówó wọn níbẹ̀ ní 1835. Ọkùnrin pọ̀ ju obìnrin lọ nínú àwọn tí a kó lọ. Nítorí náà, obìnrin ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ó kù nílé.

Ogun tí ó ń bí ogun

Nígbà tí Brazil ti ilẹ̀kùn mọ́ òwò ẹrú láti òkè òkun ní 1850, tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, tí ọ̀nà Cuba náà sì dí ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹrú kò ní ọjà ńlá mọ́ ní etíkun. Ẹnìkan lè rò pé ogun yóò dín kù. Kò dín. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí a ń kó ẹni tí a mú lógun sí: ilé ni ó ń dúró. Epo pupa ni òyìnbó ń rà báyìí, oko sì gba ọwọ́ púpọ̀.

Ní 1862, Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè lẹ́yìn ìjà ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn pátápátá. Bí wọ́n bá mú ènìyàn dé, a lè tà lára wọn kí á fi ra ìbọn àti ẹ̀tù. A ń fi àwọn mìíràn sí oko. Gbogbo wa ni a mọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde tí a pa ní 1874, àti bí ẹrú ti pọ̀ ní oko rẹ̀ tó. A ń yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara wọn le, a ń kọ́ wọn ní ìjà, wọ́n ń di ọmọ ogun olóyè. Àwọn obìnrin ń di ìyàwó. Báyìí ni iye tí Bowen kọ fún Ìbàdàn ṣe di iye tí Millson kọ. Kò sí ìlú tí ìbímọ nìkan lè sọ di ńlá tó bẹ́ẹ̀ láàárín ogójì ọdún.

Àmọ́ àìsàn kan wà nínú ètò yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ di olóyè ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ ní ènìyàn lẹ́yìn. Bí kò bá ní wọn, ó gbọ́dọ̀ lọ mú wọn wá. Bí ó bá sì ti ní wọn tán, ó gbọ́dọ̀ bọ́ wọn, kí ó wá ìbọn fún wọn, kí ó sì fún wọn ní ìkógun. Nítorí náà ogun kọ̀ọ̀kan ni ó ń béèrè òmíràn. Títí kan 1870 tí wọ́n fọ́ Iléṣà, ìlú wà níwájú tí wọn kò tíì kó. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn sì ń bẹ káàkiri Èkìtì, tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ojú ẹni tí kò ní olùgbèjà wo àwọn onílé.

Kírìjì: àwọn tí ó padà sílé

Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà dìde, wọ́n dá Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Ìbàdàn borí wọn ní Ìkìrun ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nínú ogun tí a ń pè ní Jálumi, nítorí bí àwọn tí ó sá ti ń já sínú odò. Bí ó bá jẹ́ ogun àtẹ̀yìnwá ni, ibẹ̀ ni ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n wọ́n tún péjọ. Èkìtìparapọ̀ dó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn lábẹ́ Àrẹ Látòósà dó sí ìhà Ìgbájọ, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dáko, a bí ọmọ níbẹ̀.

Kí ni ó fún àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí Ìbàdàn ti ń kó bí ẹni kó ẹ̀pà, ní agbára láti dúró? Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ ni ìbọn, n óò sì sọ ti ìbọn láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ó ń darí wọn. Ògèdèǹgbé ti gbé Ìbàdàn rí, lẹ́yìn tí ogun mú un. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí Ìbàdàn ṣe ń jà. Òun nìkan kọ́. Nígbà tí ìròyìn Èkìtìparapọ̀ tàn kálẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà nínú agbo ilé àwọn olóyè Ìbàdàn, tí a ti kọ́ níṣẹ́ ogun, sá padà sílé. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Àwọn tí Ìbàdàn kà mọ́ agbára rẹ̀ lánàá ni ó ń yìnbọn lù ú lónìí. Ìṣirò Ìlọrin tún ti dé: ẹnìkan dín níhìn-ín, ẹnìkan lé lọ́hùn-ún.

Láti ìgbà náà, orísun tí Ìbàdàn ti ń rí ènìyàn dí. Kò lè kó Èkìtì mọ́, àwọn tí ó wà nílé sì ń sá. Ní àwọn ọdún 1880, ó ń jà níwájú, ó ń jà lẹ́yìn: Èkìtìparapọ̀ ní Kírìjì, Ìlọrin ní Ọ̀fà, Ifẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etíkun mọ́ ọn, tí iyọ̀ fi di ọ̀wọ́n. Látòósà kú sí bùdó ní 1885 láìrí òpin ogun tí ó gbé lọ.

Ọ̀rọ̀ ìbọn

Ẹnìkan lè sọ pé mo fi ojú fo ohun tí ó ṣe pàtàkì jù. Ó dájú pé ìbọn tí a ń ti ìdí kì, irú Snider, dé ọwọ́ Èkìtìparapọ̀ nígbà tí ṣakabùlà ṣì pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn, ó sì ṣe wọ́n ní jàǹbá púpọ̀. Láti inú ìró ìbọn ni orúkọ Kírìjì pàápàá ti wá. Ṣùgbọ́n ta ni ó rà á ránṣẹ́ sí wọn?

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró, ọmọ àwọn tí ogun ìṣáájú ti kó tà, tí a gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n kàwé ní Freetown, tí wọ́n sì padà wá. Àwọn mìíràn sá láti oko ẹrú sí Èkó lẹ́yìn tí ó ti bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì fi ìbọn ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó tí Gómìnà Glover ti ṣí ní nǹkan bí 1872. Ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ wọn, J. P. Haastrup, ni ó di Ọwá Ìjẹ̀ṣà ní 1896, tí ó jẹ́ Ajímọ̀kọ Kìíní. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ìbọn náà bá rìn. Ẹni tí ogun tà lọ ni ó rà á padà sílé. Nígbà tí Ìbàdàn náà rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rà, kò ṣẹ́gun síbẹ̀, nítorí pé ìbọn kò lè dá ènìyàn tí ó ti sá padà.

Ẹ wo ìwé àdéhùn 1886 náà. Púpọ̀ nínú ohun tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ibi tí ènìyàn yóò máa gbé. Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà pẹ̀lú Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ lè jáde. Àwọn Modákẹ́kẹ́, tí ó jẹ́ ọmọ àwọn ogunléndé Ọ̀yọ́, yóò kúrò lẹ́bàá Ifẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni kò ṣeé mú ṣẹ fún ìgbà pípẹ́, ìjà tí ó wá láti inú rẹ̀ sì ti kọjá ọ̀rúndún yẹn wọ inú ti àwọn ọmọ wa. Ní 1893 ni Gómìnà Carter mú kí wọ́n tú bùdó ká níkẹyìn.

Àfiwé kan láti ẹ̀gbẹ́ ibodè

Mo ti mẹ́nu ba Faransé níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ rẹ̀ rí i pé ọmọ wọn kò tó, Mangin, ọ̀gágun kan, kọ ìwé ní 1910 pé kí wọ́n wá ọmọ ogun ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní 1912 wọ́n ṣe òfin tí ó fi ipá múni wọṣẹ́ ogun. Láàárín 1914 sí 1918, wọ́n kó bíi 170,000 láti àwọn ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Dahomey wà lára wọn, Kétu sì wà nínú Dahomey. Kí ni àwọn ará Kétu àti Ọ̀họ̀rí ṣe? Ọ̀pọ̀ gbé ẹrù wọn, wọ́n sọdá ibodè wá sí ẹ̀gbẹ́ Nàìjíríà, sáàárín àwọn ìbátan wọn. Olóṣèlú wà ní Paris tí ó ń fi kálámù ka orí. Àwọn tí ó ń kà wà lójú ọ̀nà, wọ́n ń lọ.

Ìparí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí á kó ọ̀rọ̀ jọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ènìyàn ṣí nípò nínú ìtàn tí mo sọ, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni agbára ṣí tẹ̀ lé wọn. Àwọn ẹrú Haúsá kúrò ní Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ wó. Àwọn ará Ọ̀yọ́ kórajọ sí Ìbàdàn, Ìlọrin kò lè kọjá Òṣogbo. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà padà sílé, Ìbàdàn kò lè kọjá Ìgbájọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlú tí ó ń pàdánù ni ó ń pọ̀ lójú ẹni tí ó bá ń ka orí nìkan.

N kò sọ pé gbogbo àwọn tí a kó wá ni ó padà. Èyí tí ó pọ̀ nínú wọn dúró, pàápàá àwọn obìnrin, nítorí pé wọ́n ti bímọ. Nígbà tí a ka Ìbàdàn ní 1952 tí a rí ènìyàn 459,196, tí kò sì sí ìlú mìíràn ní Nàìjíríà tí ó tó o, ọmọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Èyí tí ó dúró ni ó jẹ́ kí Ìbàdàn ṣì jẹ́ ìlú lẹ́yìn tí ogun ti tán. Ohun tí ogun fi ipá mú wá, ọmọ bíbí àti ìfẹ́ ni ó so ó mọ́lẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè wa, a ti jà lórí ìkànìyàn 1962 àti 1963, a fagi lé ti 1973, a sì tún jiyàn lórí ti 1991 àti ti 2006. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí orí tirẹ̀ pọ̀ jù, bí ẹni pé bí iye bá ti pọ̀ ni agbára ti dé. Ìtàn tí a gbé yẹ̀ wò yìí kò gbè wọ́n. Ìbéèrè tí olóye yóò béèrè ni pé, nínú àwọn tí mo kà yìí, mélòó ni yóò dúró tì mí bí ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀ fún wọn láti lọ?

Ní ti ìyá tí ó bí bàbá bàbá mi, mo lọ bá àwọn àgbà ilé wa lẹ́yìn tí mo ṣírò ọdún tán. Mo bi wọ́n bóyá òótọ́ ni pé òwò ni ó bá wá. Àgbà kan tí ó ti darúgbó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ogun ni ó bá wá. Àwa ni a sọ pé òwò ni, kí ojú má baà ti àwọn ọmọ rẹ̀." Mo sọ fún un pé ojú kò tì mí. Ohun tí ó yẹ kí ojú tì wá fún ni kí á mọ iye ẹni tí a kó láìmọ orúkọ wọn. Títí di òní, mo mọ oríkì ìyá náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni ní ilé wa tí ó mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Iléṣà.